Kóló Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́

Ìyàwó mi ni kò jẹ́ kí n da àpótí náà nù, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí mo fi ọmọlanke gbé e wálé láti Mọ́kọ́lá, gbogbo ará ilé ló jáde wá wò ó. Àpótí pákó dúdú ni, ó ga tó èmi fúnra mi. Gíláàsì wà níwájú rẹ̀, ọ̀pá kékeré olórí pupa kan yọ lágbedeméjì, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sọ owó sí sì wà nísàlẹ̀. Ìyá mi tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bi mí pé pósí ta ni mo gbé wálé. Mo ní kì í ṣe pósí, ẹ̀rọ géèmù ni. Ó ní ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Mo ní rárá, ó ti kú. Ó ní tó bá ti kú, kí ló wá fi yàtọ̀ sí pósí?

Bẹẹrẹ ni ilé wa wà, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ òkè Mápó. Tí o bá dúró lẹ́yìnkùlé wa, wàá rí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó lókè lọ́hùn-ún, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, ogún ọdún kí wọ́n tó bí mi. Létí títì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bàbá Onírédíò ni wọ́n ń pè mí títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti gbé rédíò wá gbẹ̀yìn.

Ẹ̀yìn nǹkan ni mo máa ń fẹ́ wò láti kékeré. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn níbí, lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, láyé ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ládùúgbò wa ra ẹ̀rọ kan, a sì máa ń ṣù mọ́ fèrèsé rẹ̀ lálaalẹ́ bí eṣú. Àwọn ẹgbẹ́ mi á máa wo àwòrán. Èmi á yọ́ lọ sí fèrèsé kejì tó kọjú sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, níbi tí mo ti ń rí àwọn gílóòbù kéékèèké tó pọ́n bí ẹyinná nínú àpótí. Nígbà tó di 1964, bàbá mi mú mi lọ bá ọ̀gá kan ní Agbeni pé kó kọ́ mi níṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi fi kọ́ mi kò ní irinṣẹ́ nínú. Ó ní tí mo bá fẹ́ fọwọ́ kan inú tẹlifíṣọ̀n tí iná wà lára rẹ̀, kí n ki ọwọ́ òsì bọ àpò, kí iná má baà gba àyà mi kọjá láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Mo ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún báyìí. Tí mo bá ń tún iná ilé ṣe, ọwọ́ òsì mi á ti wà nínú àpò kí n tó mọ̀.

Ní 1986, wọ́n pè mí sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Mọ́kọ́lá, n kò ní dárúkọ rẹ̀, kí n wá tún tẹlifíṣọ̀n wọn ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí ni wọ́n gbé e sí. Ẹni tó bá fẹ́ ta á á lọ ra owó irin kan tí kì í ṣe owó ìjọba lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó wà ní káńtà, nítorí pé ẹnu ẹ̀rọ náà kò gba kọ́bọ̀ wa. Nínú gíláàsì, orí róbótó aláwọ̀ ìyeyè kan tí kò ní ju ẹnu lọ ń sáré kiri nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, ó ń ṣa nǹkan wẹ́wẹ́ jẹ, iwin mẹ́rin sì ń lé e. Tó bá ti jẹ èyí tó tóbi nínú oúnjẹ náà, òun náà á yíjú padà, á máa lé àwọn iwin. Mo dúró wò ó títí mínírà ọwọ́ mi fi gbóná. Pac-Man lórúkọ rẹ̀. Ará Japan kan, Toru Iwatani, ló ṣe é fún ilé iṣẹ́ Namco ní 1980, ṣùgbọ́n n kò mọ ìyẹn nígbà náà. Wọ̀bìà ni mo sọ ọ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára nílé wa.

Kí ọdún tó yí, iná kan wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Wọ̀bìà sì dákẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Apá tó jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n yé mi, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Àmọ́ bọ́ọ̀dù gbàràmù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn nǹkan dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tò lórí rẹ̀ bí aáyán lára ògiri, kò sì sí ìwé kankan tó sọ èyí tó ń bá èkejì sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀. Mo tún ibi tó jóná ṣe, ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n àmì játijàti ló kún ojú náà, bí ògiri tí ọmọdé fi èédú kọ nǹkan sí. Mo gbà fún un. Àwọn onílé ọtí kò san owó iṣẹ́ mi. Wọ́n ní kí n máa gbé òkú ẹ̀rọ náà lọ dípò owó. Bí mo ṣe di ẹni tó ń fi ọmọlanke gbé pósí gba Dùgbẹ̀ kọjá nìyẹn.

Ẹ̀lùbọ́ ni ìyàwó mi ń tà ní Ọjà'ba. Ó wo àpótí náà fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní kí n kó gbogbo inú rẹ̀ jáde, kí n fi pákó pín in sí àjà méjì. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni ẹ̀lùbọ́ ń sùn, pẹ̀lú kóńgò àti asẹ́ rẹ̀, nítorí pé eku kò rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀. Ihò owó tí kò gba kọ́bọ̀ nígbà ayé rẹ̀ wá di kóló. Ìyàwó mi ti agolo mílíìkì kan sí abẹ́ ihò náà, ó ti ilẹ̀kùn irin kékeré tó wà níbẹ̀ pa, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ pamọ́. Lálaalẹ́ tó bá ti ọjà dé, màá gbọ́ "kéń" láti inú yàrá. Nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀kan, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta. N kò bi í léèrè rí. Ọkọ tó bá ń bi aya rẹ̀ pé èló ló wà nínú kóló, ó fẹ́ yá a ni.

Ní 1995 ni èmi náà fi géèmù kún iṣẹ́ mi. Tẹlifíṣọ̀n tí àwọn oníbàárà gbé wá tí wọn kò padà wá gbé ti kún ṣọ́ọ̀bù, mo sì rò ó pé kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ san owó ilé. Mo ra ayédèrú Nintendo méjì ní Dùgbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á sọ lára pé géèmù 999 ló wà nínú òun. Tí o bá fi sùúrù kà á, kò ju méje lọ tí wọ́n ń pààrọ̀ orúkọ fún. Náírà márùn-ún ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Contra ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí pé ẹni méjì lè jọ ta á pọ̀. Àwọn àgbà tó ń ta ayò lábẹ́ òrùlé iwájú ṣọ́ọ̀bù kò mọ̀ pé àwọn ọmọ ń gbọ́ wọn, àfi ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èdè ayò lẹ́nu wọn: ẹni tó mọ̀ ọ́n ta di ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n di òpè, òpè kì í sì í di páádì mú pẹ́.

Àwọn páádì náà ni mo fi jẹ́ oníṣẹ́ ní gbogbo ìgbà yẹn. Rọ́bà dúdú tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì á jẹ, ọmọ á máa tẹ̀ ẹ́, jagunjagun inú tẹlifíṣọ̀n kò ní fò. Mo máa ń fa bébà fàdákà yọ láti inú páálí sìgá, màá gé e ní róbótó bí ojú ẹja, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ rọ́bà náà. Á ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì. Àwọn tó ń mu sìgá ní Bẹẹrẹ mọ̀ pé èmi ni mo ń gba páálí wọn.

Alùfáà ilé kéwú tó wà lẹ́yìn wa náà mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi. Tí àwọn tó wà nídìí wàláà bá kéré jù, á dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn fi kòbókò kan ilẹ̀kùn ní ẹ̀ẹ̀mejì. Gbogbo ọmọ inú ṣọ́ọ̀bù á gba ẹ̀yìn sá lọ, wọ́n á fi àwọn jagunjagun Contra sílẹ̀ lójú ogun. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́, mo sì máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù padà lọ́jọ́ kejì. Owó náà dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́.

Lóru ọjọ́ kan ní 2003, iná tún ṣe sí mi bó ti ṣe sí Wọ̀bìà: tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta jóná lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọkùnrin kan sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù PlayStation sí ìsàlẹ̀ wa, ó ní jẹnẹrétọ̀. Mo pa tèmi dé. Ìyàwó mi papò dà ní 2014. Àpótí rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ẹnikẹ́ni kò ṣí i.

Ọdún 2021 ni ọmọ ọmọ mi, tó ń kàwé ní Pólì Ìbàdàn, wọlé tọ̀ mí wá, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju káàdì ìdìbò lọ.

"Bàbá, kọ̀ǹpútà rèé."

"Ilé rẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní bó ṣe wà nìyẹn, ìhòòhò ni wọ́n ń tà á. Raspberry Pi lórúkọ rẹ̀. Èso kan tí wọ́n ń jẹ lókè òkun ni raspberry, n kò tíì tọ́ ọ wò. Eben Upton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde ní oṣù Kejì 2012. Wọ́n ń wá kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú tí ọmọdé lè fi kọ́ iṣẹ́ láìbẹ̀rù pé òun ba dúkìá bàbá òun jẹ́. Dọ́là 35 ni wọ́n pè é. Àlòkù ni ti ọmọ ọmọ mi, irú kẹta, èyí tó jáde ní 2016.

Mo ní kó gun àjà, kó gbé bọ́ọ̀dù tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní 1986 wá. Ó nu eruku lára aáyán tó tóbi jù, ó kà á: Z80. Ó ní ọpọlọ ẹ̀rọ náà nìyẹn, ó ń mí nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó wà lọ́wọ́ òun ń mí ní ìgbà bílíọ̀nù kan lé igba mílíọ̀nù, irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ló sì wà nínú rẹ̀. Mo tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Ti àtijọ́ fẹ̀ ju ọpọ́n ayò lọ. Ti tuntun, bí mo bá dijú, mo lè jókòó lé e lórí.

Ó ṣàlàyé ètò kan fún mi tó ń jẹ́ MAME, tí ará Ítálì kan, Nicola Salmoria, bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí kọ̀ǹpútà òde òní máa ṣe bíi bọ́ọ̀dù àtijọ́, tapá tẹsẹ̀, débi pé géèmù fúnra rẹ̀ kò ní fura pé òun ti kó kúrò nílé. Mo ní egúngún nìyẹn, aṣọ bàbá lọ́rùn ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo bi í bóyá ẹni tó ni géèmù mọ̀ sí i. Ó ní ọ̀fẹ́ ni MAME, ṣùgbọ́n géèmù ní olówó. Ó wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi í sílẹ̀. Èmi tí mo fi ayédèrú Nintendo jẹun fún ọdún mẹ́jọ, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá a wí?

Àpótí ìyá rẹ̀ àgbà ló fẹ́ gbé e sí. A kó kóńgò àti asẹ́ jáde. A kò rí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn irin ìsàlẹ̀, a fi dírílì lu ojú rẹ̀. Ọmọ náà ki ọwọ́ bọ inú, ó ní, "Bàbá, nǹkan kan wúwo níbí." Agolo mílíìkì náà ni. Ó ti kún, èyí tí agolo kò gbà ti dà sílẹ̀, ẹ̀lùbọ́ sì ti bò wọ́n bí ìyẹ̀fun tí wọ́n bu ata sí. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá wà níbẹ̀, àti kọ́bọ̀ 25 ńláńlá ti 1973, èyí tó ní ẹ̀pà lára, àti owó náírà onírin ti 1991 tó ní orí Herbert Macaulay. A kà á: náírà 83 àti kọ́bọ̀ 60. Nígbà tó ń sọ wọ́n síbẹ̀, owó gidi ni wọ́n. Mo ní kí ọmọ náà dá wọn padà sínú agolo. Ó dá wọn padà. Mo tún ní kó kó wọn jáde.

Ikán ti jẹ ìdí àpótí náà tán, nítorí náà káfíńtà iwájú ilé wa fi í ṣe òṣùwọ̀n, ó lọ ra pákó ní Bódìjà, ó kan òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kàn án, torí ara rẹ̀ ló fi wọn ibi ọwọ́ lákọ̀ọ́kọ́, káfíńtà wa sì ga bí òpó iná. Gíláàsì, ọ̀pá olórí pupa àti ilẹ̀kùn irin nìkan ni a yọ lára ti àtijọ́. Súwíìṣì kéékèèké mẹ́rin ló wà nídìí ọ̀pá náà, òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì; Wọ̀bìà kò lo jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò mọ ìjà, eré sísá ló mọ̀. Abẹ́rẹ́ ogójì ló tò sí etí Pi. Èmi ni mo fi léèdì jó wáyà láti ìdí ọ̀pá mọ́ márùn-ún nínú wọn, mo wọ awò méjì lórí ara wọn.

Fún ojú rẹ̀, mo gbé tẹlifíṣọ̀n ìnṣì 14 kan jáde, èyí tó yè nínú iná 2003. A fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, torí pé géèmù náà ga ju bó ti fẹ̀ lọ. Bí a ti tàn án, igun kan di àwọ̀ ewé, igun kejì pọ́n. Ọmọ náà ní ó ti bàjẹ́. Mo ní kò bàjẹ́, òòfà ilẹ̀ ló ń bá a jà nítorí pé a yí i padà. Mo wá kọ́ìlì àtijọ́ mi, mo kì í bọ iná, mo ń fi yí ojú rẹ̀ po bí ẹni ń fi tùràrí wẹ yàrá, mo ń fi ẹsẹ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí mo fi kan ògiri. Nígbà tí mo pa á, ojú náà ti mọ́ kedere.

Ohun tó dá wa dúró ju gbogbo rẹ̀ lọ kéré gan-an. Bí géèmù bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, àmì ààrá kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan á yọ ní igun òkè, nǹkan á máa falẹ̀, tó bá yá á pa ara rẹ̀. Ọmọ náà gbà pé ètò inú mẹ́mọ́rì ló dàrú. Ó ra dátà, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ sínú mẹ́mọ́rì. Ààrá yọ. Ó tún un kọ. Ààrá yọ. Lọ́jọ́ kẹta ó fi orí lé tábìlì. Mo gbé mítà mi, mo ki ọwọ́ òsì bọ àpò, mo fi ẹnu rẹ̀ kan ibi tí iná ti ń wọ Pi. Ó yẹ kó jẹ́ fóòtì márùn-ún. Abẹ́rẹ́ gun òkè, ó dúró sí mẹ́rin àbọ̀. Mo fi kan ìdí ṣájà: márùn-ún pé pérépéré. Àárín ọ̀nà ni iná ń sọnù sí. Mo fi réésà la wáyà ṣájà náà: bàbà inú rẹ̀ kò nípọn ju irun orí lọ. Mo gé e sọnù, mo fi wáyà tó nípọn dípò rẹ̀, mo jó o pọ̀. Ààrá kò yọ mọ́.

Ọmọ náà wò mí. "Bàbá, ẹ ti mọ̀ láti ìjẹta?"

"Mo fura."

"Ẹ ò sì sọ?"

"O ò bi mí."

Iná tó ń lọ láìsọ fún ni ni ó kù. Tí iná bá lọ nígbà tí Pi ń kọ nǹkan sí mẹ́mọ́rì, mẹ́mọ́rì lè dàrú, kò ní jí mọ́ nígbà tí iná bá dé. Nítorí náà mo gbé bátìrì sí ìdí àpótí, níbi tí àpò ẹ̀lùbọ́ máa ń wà, mo fi ẹ̀rọ kékeré kan sọ fóòtì 12 rẹ̀ di márùn-ún fún Pi, mo sì so ẹ̀rọ agbóhùnsókè mọ́ bátìrì náà. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń jẹ iná ilé.

A ra ẹ̀rọ agbowó kan tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà. Ẹyọ owó kan ni wọ́n ń fi há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àpẹẹrẹ. Èyíkéyìí tó bá gba ẹnu rẹ̀ wọlé, á fi wé àpẹẹrẹ náà, tí kò bá bá a mu, á pọ̀ ọ́ jáde. Kọ́bọ̀ 25 ti 1973 la fi há a. Mọ́kànlélógójì irú rẹ̀ ló wà nínú agolo. Ọmọ tó bá fẹ́ ta Wọ̀bìà á wá kí mi, màá fún un ní ẹyọ kan, á sọ ọ́ síbẹ̀, "kéń". Tí ilẹ̀ bá ṣú, a ó ṣí ilẹ̀kùn irin, a ó kó wọn padà sínú agolo, a ó sì kà wọ́n. Ọ̀kan ti sọnù. Mo fura sí ọ̀rẹ́ mi.

Télọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi yìí kó tó fẹ̀yìn tì, òun ni ọ̀ta tó le jù nínú àwọn tó ń ta ayò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó bú ẹ̀rọ náà fún oṣù kan. Nígbà tó ta á lẹ́ẹ̀kan, kò padà sídìí ọpọ́n mọ́. Ó ní àwọn iwin mẹ́rin yẹn kò sáré bákan náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwà tirẹ̀, bí èèyàn. Òótọ́ ló sọ, bí Iwatani ṣe ṣe wọ́n nìyẹn, ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ló ti kà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wà nídìí rẹ̀ lẹ́yìn ìṣáà, àwọn ọmọ mẹ́fà dúró tì í, iná sì lọ. Gbogbo Bẹẹrẹ ṣókùnkùn. Ojú tẹlifíṣọ̀n kú, ṣùgbọ́n bátìrì kò mọ̀ pé iná lọ. Nínú òkùnkùn, a ń gbọ́ Wọ̀bìà tó ń jẹun lọ, wọ̀kà, wọ̀kà, wọ̀kà. Àwọn ọmọ ní, "Bàbá Télọ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ò ríran." Ó ní kí wọ́n panu mọ́, owó òun ṣì wà níbẹ̀. A ń gbọ́ ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀, òsì, òsì, òkè.